Oògùn Àgbẹ̀, Oògùn Aláìsàn

Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn òbí inú ìjọ wa máa ń rán ọmọ wọn wá bí ọmọ náà bá jáde iléèwé girama tí kò sì mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe. Wọ́n á ní, "Lọ bá Bàbá Nọ́ọ̀sì, wọ́n á bá ẹ sọ̀rọ̀." Ọmọ á dé, á kí mi, á jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́. Bí mo bá sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni mí lóòótọ́, á wo irùngbọ̀n mi. Bí mo bá wá fi kún un pé àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ nípa àìsàn tó ń ti oko wá, á bi mí pé, "Bàbá, ṣé àgbẹ̀ ní àìsàn tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni?"

Ó ní in. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sílẹ̀, kí n má baà máa tún un sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ti ń rẹ̀ mí.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Mo jáde níléèwé nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí n máa lọ sí Ẹ̀jìgbò, mo di ẹrù mi, mo lọ. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ilé tí mo ń gbé yìí, òwò aṣọ tí ìyàwó mi ń ṣe ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù. Ó kúrú, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín títí di ìgbà tó bá jẹun ọ̀sán tán. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka kékeré kan tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí àwọn abúlé tó yí Ẹ̀jìgbò ká. Mo rò pé inú ìwé la ó ti bẹ̀rẹ̀, mo ti mú bírò dání. Ó wo bírò náà, ó wo bàtà mi tó ń dán, ó ní, "Ṣé o ní bàtà mìíràn?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ó ní, "Ó máa bàjẹ́ nìyẹn."

Oko ẹ̀wà kan lójú ọ̀nà Ìsúndúnrìn ló mú mi lọ. Ó gbé táńkì tí àgbẹ̀ fi ń fín oògùn kọ́ mi léjìká, ó ní omi lásán ló wà nínú rẹ̀, kí n máa fín in sára ẹ̀wà títí tí òun yóò fi ní ó tó. Òun jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò pẹ́ tí okùn táńkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ge mí léjìká. Ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, ó ń jò sí mi lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ omi padà sí mi lójú. Mo rí i pé omi náà ní àwọ̀ díẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí táńkì ni. Nígbà tó ní kí n wá jẹun, mo fi ewé nu ọwọ́, mo jẹ iṣu sísun, mo sì yà sẹ́yìn igbó láti tọ̀. Bí mo ṣe padà dé, ó na dígí sí mi.

Aṣọ funfun mi ti di búlúù láti èjìká dé ìdí. Búlúù wà létè mi, ó wà níhò imú mi, ó wà lára iṣu tó kù lọ́wọ́ mi. Mátírọ́ọ̀nù ti da búlúù ìfọṣọ sínú omi yẹn kí n tó dé oko.

"Ká ní oògùn ẹ̀wà ló wà níbẹ̀ ńkọ́?" Bó ṣe bi mí nìyẹn. "Níbo ló tún dé lára ẹ?"

Mo ní, "Ó tán síbẹ̀, mà."

"Irọ́ ni. O lọ sẹ́yìn igbó. Padà síbẹ̀ lọ wo ara ẹ."

Mo lọ wò ó. N kò ní sọ ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin tí mo kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn ní kíláàsì.

Bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe máa ń kọ́ni nìyẹn. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ àìsàn níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti bi aláìsàn léèrè ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní àná. Ní ọjọ́ kan, mo ní òtútù àyà ló ń ṣe obìnrin kan tó ń wúkọ́. Ó bi mí pé iṣẹ́ kí ni obìnrin náà ń ṣe, n kò mọ̀. Ó rán mi lọ jókòó ti àwọn tó ń yan gààrì ní Màsífà, láti ìgbà tí wọ́n dáná títí wọ́n fi pa á. Nígbà tí mo padà dé, èmi náà ń wúkọ́, ojú mi pọ́n. Ó ní, "Ó dáa. Òtútù àyà ti mú ìwọ náà?" Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kò dá mi lóhùn, ohun tó sì dára jù tí ìjọba ṣe fún mi láyé nìyẹn.

Iṣẹ́ náà gbòòrò ju oògùn ẹ̀wà lọ. A ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ láìfi okùn dè é pa. A ń kọ́ wọn nípa ẹni tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀, ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ẹni tí ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ́ mú lọ́wọ́, àti obìnrin tí ìbẹ̀rẹ̀ lórí agbada gààrì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. A ń rìn dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn kò gba mọ́tò, ọ̀kadà ló ń gbé wa, òjò ló sì ń bá wa kẹ́gbẹ́. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn wa, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ tiwa. Bí mo bá ní kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á ní ṣé ìyàwó tuntun ni àwọn ni. Bí mo bá ní kí wọ́n má mu epo pupa lẹ́yìn tí wọ́n bá fín oògùn tán, torí pé epo kì í pa á, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, bàbá wa mu ún, kò kú." Bàbá wọn kò fín oògùn rí láyé rẹ̀, àdá àti ọkọ́ nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí sípò rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ ti ń yí padà nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ri ìgbálẹ̀ bọ inú garawa, wọ́n á fi wọ́n ẹ̀wà bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Táńkì ẹ̀yìn dé, ó pọ̀ káàkiri. Lẹ́yìn náà ni oníbátìrì dé, tí kì í rẹ ẹni lápá, tí ènìyàn fi lè fín oko tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárọ̀ kan, ìyẹn ni pé májèlé tó ń kan ara rẹ̀ náà di púpọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, pátákó dúdú di fọ́tò lórí fóònù. Mo ń fi àwòrán ojú ẹni tí oògùn ẹ̀wà mú ránṣẹ́ sí wọn lórí Wasáàpù, wọ́n ń fi "Àmín" dá mi lóhùn. Nígbà tí kòrónà dé, mo dúpẹ́ pé gbogbo ayé yóò mọ ìbòmú lò wàyí. Wọ́n mọ̀ ọ́n lò lóòótọ́. Àgbọ̀n ni wọ́n ń fi bò.

Ọ̀pọ̀ ni mo kọ́. Àwọn kan fẹ́ mọ̀, àwọn kan fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Rónkẹ́ ló dára jù nínú gbogbo wọn, mi ò sì fi bò fún àwọn yòókù. Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Ìsúndúnrìn ni, n kò ní dárúkọ abúlé náà. Ọ̀sẹ̀ tí mo fi búlúù kọ́ wọn gan-an ló lọ da búlúù sínú táńkì àbúrò bàbá rẹ̀ láìsọ fún un. Ẹjọ́ yẹn dé iwájú baálẹ̀. Mo bá a bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn bí mo ṣe wà nílẹ̀ yẹn. Mo ti pinnu pé òun ni yóò gba àga mi. Kò sí ẹni tó ń tọrọ irú iṣẹ́ tiwa. Bí n kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì fẹ́ràn rẹ̀ fi sílẹ̀, ọjọ́ tí mo bá lọ ilé ni wọ́n máa ti ẹ̀ka náà pa. Mo ní kí wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé rẹ̀, kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ná.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Làmídì wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àgbẹ̀ ẹ̀wà ni Làmídì, ọkùnrin tó ní ara, tí kì í ṣàìsàn. Sàrátù ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá lórí ọ̀kadà. Ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò lè sọ̀rọ̀ tó yéni, òógùn bò ó, ó sì ń gbọ̀n. Ìyàwó ló ń dáhùn fún un. Òun àti Rónkẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe lọ fún mi lẹ́yìn náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ibi tó ti yàtọ̀.

Rónkẹ́ ní, "Ṣé wọ́n ti lo oògùn kankan kí ẹ tó gbé wọn wá?"

"Wọ́n lo oògùn láàárọ̀ yìí, Nọ́ọ̀sì."

"Oògùn kín ni?"

"Oògùn kòkòrò. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kòkòrò ò ti jẹ́ kí wọ́n gbádùn."

"Ṣé wọ́n lò ó jù ni?"

"Wọ́n ní àwọn á lò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tí wọ́n lò lọ́jọ́sí ò ràn wọ́n."

Ẹ tún un kà, kí ẹ wò ó bóyá Sàrátù purọ́. Kò purọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ló ń sọ. Rónkẹ́ gbọ́ aràn inú. Oògùn tí wọ́n ń fín ló ń sọ. Rónkẹ́ gbọ́ èyí tí wọ́n ń gbé mì. Kódà "wọ́n" tó fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀ dá kún un: nígbà tó ní kò ràn wọ́n, àwọn kòkòrò ló ní lọ́kàn, Rónkẹ́ rò pé ọkọ rẹ̀ ni. Èdè wa ló fi oògùn kan ṣoṣo pe ohun tó ń wo ènìyàn sàn àti ohun tó ń pa kòkòrò, tó sì fi kòkòrò kan ṣoṣo pe ti inú oko àti ti inú ara. Rónkẹ́ béèrè, wọ́n dá a lóhùn, ìdáhùn náà sì bá ohun tó ń rò mu láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin tó lo oògùn aràn jù á bì, á sì ya ìgbẹ́. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́." Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí òtútù.

Ọjọ́ tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n wò ni. Ọ̀sán ni mo dé. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn náà ti kọlù mí, òórùn oko ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Rónkẹ́ ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti àárọ̀, imú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Mo ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn Làmídì. Ẹ̀wù oko ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó tutù rinrin láti èjìká dé ìdí. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹyinjú dúdú ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Rónkẹ́, bọ́ ẹ̀wù yìí."

Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Ó ti mọ̀. A bọ́ ọ sí ìhòòhò, a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, orí, irun, abẹ́ èékánná, a yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkùnrin kan tó wá ra iṣu sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí Ẹ̀jìgbò. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti irú oògùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gún un fún un, wọ́n gún un léraléra. Àwọn dókítà yẹn ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe. Làmídì kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sàrátù kò kígbe. Ó dúró ti ògiri, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ẹni tó bá kọjá: "Mo sọ fún wọn. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún wọn pé wọ́n lo oògùn." Rónkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, fún òkú àti fún àwọn tó dúró yẹn.

Ní abúlé, àwọn kan ní Nọ́ọ̀sì ló pa á. Rónkẹ́ kò bá wọn jiyàn. Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì lọ máa bá ìyá rẹ̀ yan gààrì lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà gan-an. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo tún lọ. Á gbé àga fún mi, á bu omi fún mi, á máa ro gààrì rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá ti wá báyìí, kì í jẹun." Mo fi í sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò fún èmi náà láti lọ ilé, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ohun tí mo lè ṣe ni mo dojú kọ. Mo ní kò sí ọmọ tí mo bá kọ́ tó gbọ́dọ̀ tún fi ọ̀rọ̀ náà "oògùn" lásán bi aláìsàn. Mo ní májèlé ni kí gbogbo wa máa pè é, àwa àti àgbẹ̀, kó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Mo pe ìpàdé sí Ìsúndúnrìn láti kéde rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Rájì ló kọ́kọ́ dìde. Òun ló ń ta àwọn oògùn oko wọ̀nyí fún gbogbo agbègbè náà. Ó pẹ́ ní Abidján kó tó padà wálé, "bọ̀njúù" ló ṣì fi ń kí ènìyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ ká máa jáde síta ká máa sọ pé a fi májèlé sí ẹ̀wà? Ta ló máa rà á lọ́wọ́ wa?"

Ilé dàrú. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ariwo náà ni Sàrátù ti dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Òun àti Mùsílíù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń dá oko Làmídì nígbà náà. Wọ́n yà fún un, ó bọ́ síwájú.

Ó ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, tí ẹ bá pè é ní májèlé, wọ́n á máa sọ pé ọkọ mi jẹ májèlé. Àwọn ọmọ mi á gbọ́ ọ níléèwé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọkọ mi ò jẹ májèlé. Iṣẹ́ ló ń ṣe."

Ní èdè wa, ẹni tó jẹ májèlé ni ẹni tí ayé sú. Mo ti ronú nípa etí nọ́ọ̀sì, n kò ronú nípa orúkọ òkú, n kò sì mọ ibi tí màá yà sí.

Rájì ló tún gbẹ́nu sí i. Ó ní, "Lọ́hùn-ún, nínú oko kòkó, pródúì là ń pè é. Tẹ́ ẹ bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fi pródúì sóko, kò sí bó ṣe máa rò pé ẹ gbé e mì."

Ẹnì kan ní, "Pródúì! Faransé ti dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ẹ̀jìgbò: kò sí agbolé tí kò ní ènìyàn ní Abidján, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wọn lẹ́nu. Kí ẹ̀wà ọdún tó tẹ̀lé e tó so, àwọn àgbẹ̀ ti ń fi pródúì fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lóko, ìgbà tó yá ni wọn kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ó di ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti gbìyànjú láti ìgbà Mátírọ́ọ̀nù kí wọ́n lè wọ ìbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ Faransé kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kì í tiẹ̀ í ṣe èmi ló mú un wá.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àga mi kò ṣófo, Rónkẹ́ ló wà níbẹ̀. Nígbà tó padà wá bá mi fúnra rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé, ó sì sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí.

Ó ń yan gààrì lọ́jọ́ náà nígbà tí ọ̀kadà dúró níwájú àgọ́ tí àwọn obìnrin ti ń yan án. Sàrátù ló wà lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di Mùsílíù mú láàárín òun àti ọlọ́kadà. Òógùn bo Mùsílíù, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Sàrátù ní, "Nọ́ọ̀sì, Mùsílíù fi pródúì sí ẹ̀wà láàárọ̀. Táńkì jò sí i lẹ́yìn."

Rónkẹ́ ju igbá tó fi ń ro gààrì sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó gbé nǹkan kan mì?"

"Kò gbé nǹkan kan mì. Ara ẹ̀ ló dà sí."

"Ẹ tún un sọ fún mi."

Sàrátù tún un sọ. Rónkẹ́ fi ọ̀rá wé ọwọ́, ó bọ́ ẹ̀wù Mùsílíù níbẹ̀ lójú gbogbo obìnrin, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo omi tí wọ́n fẹ́ fi fọ ẹ̀gẹ́ wá. Ọṣẹ dúdú ìyá rẹ̀ ló fi wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹnì kan gbé epo pupa dé, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jìnnà. Mọ́tò tó wá kó gààrì ló gbé wọn lọ sí Ẹ̀jìgbò, gààrì dúró nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà, Rónkẹ́ sọ orúkọ ohun tí wọ́n fín, ó sọ ibi tó dà sí, abẹ́rẹ́ sì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mùsílíù wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni mo rí i lọ́jà, ó fẹ́ ta ẹ̀wà fún mi ní ọ̀wọ́n.

Ní ọjọ́ náà, nígbà tí dókítà ní kí wọ́n lọ jókòó síta, Rónkẹ́ bá Sàrátù jà. Ó ní, "Ẹ kọjá níwájú ilé ìwòsàn! Nọ́ọ̀sì mìíràn wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn ohun tí ojú yín rí lọ́wọ́ mi, kín ló dé tó fi jẹ́ èmi lẹ tún gbé e wá bá?"

Sàrátù ní, "Mi ò bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jà, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí ẹ máa bi mí lẹ́ẹ̀mejì."